Las Vegas, láàárín àwọn tó ń fi póókà jẹun: àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò

Ọjọ́bọ̀

Èmi kò wá sí Las Vegas torí tẹ́tẹ́. Ọmọ àbúrò bàbá mi kan tó fi London ṣe ibùgbé ti ń fi póókà, eré káàdì tí wọ́n ń fi owó ta, jẹun láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì ti ń bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n bá òun dé ibi iṣẹ́ rẹ̀, kí n fi ojú ara mi rí bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń gbé ayé. Ó gbà, kìkì pé n kò gbọdọ̀ dárúkọ òun tàbí ẹnikẹ́ni tí wọ́n jọ wà nínú ilé. Àbúrò mi ni n ó máa pè é níbí.

Lọ́dọọdún, bí oṣù Karùn-ún bá ti ń lọ sópin títí a ó fi wọ oṣù Keje, ìlú yìí ni àwọn ọ̀jáfáfá nídìí póókà ń rọ́ wá láti gbogbo ayé nítorí World Series of Poker. Kì í ṣe ìdíje kan ṣoṣo. Ó ń lọ sí bí ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì tò wọ́n léra débi pé ẹni tí ọ̀kan bá já jù sílẹ̀ lọ́sàn-án lè wọ òmíràn lálẹ́. Ẹni tó bá gba ipò kìíní nínú èyíkéyìí á gba ẹ̀gbà ọwọ́ pẹ̀lú owó rẹ̀. Èyí tó lókìkí jù ni Main Event, tí owó ìwọlé rẹ̀ jẹ́ 10,000 dọ́là láti 1972.

Ilé tí wọ́n háyà jìnnà díẹ̀ sí iná àti ariwo ìlú. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ni àbúrò mi, obìnrin kan láti Kánádà, ọkùnrin kan láti Bràsíìlì àti ará Amẹ́ríkà méjì. Aago méjì ọ̀sán ni mo dé, wọ́n ti fa aṣọ bo gbogbo fèrèsé, kò sì sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sókè. Ìwé ni wọ́n ń kà! Olúkúlùkù gbé kọ̀ǹpútà ka iwájú, wọ́n ṣí ètò kan tí wọ́n ń pè ní solver. Wọn á ròyìn fún un bí ọ̀ràn ṣe rí lórí tábìlì lánàá: káàdì wo ló wà lọ́wọ́ mi, chip (àmì pélébé róbótó tí wọ́n fi ń ta á) mélòó ló kù, èló ni ẹni tó wà níwájú mi fi lélẹ̀. Ètò náà á wá sọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe àti bó ṣe yẹ kí wọ́n máa ṣe é sí: ìgbà mẹ́ta nínú mẹ́wàá, fi owó kún un, ìgbà méje, ju káàdì sílẹ̀.

Obìnrin ará Kánádà náà ṣàlàyé fún mi pé kí PioSOLVER, ọ̀kan nínú irú ètò yìí, tó jáde ní 2015, ẹni tó bá gbọ́n tó sì láyà lè máa fi ìmọ̀lára nìkan jẹun. Lónìí, ẹni tí kò bá kàwé, ẹni tó ń kàwé ni yóò jẹ ẹ́ run. Mo rántí Libratus, kọ̀ǹpútà tí Tuomas Sandholm àti Noam Brown ṣe ní yunifásítì Carnegie Mellon. Ní oṣù Kìíní 2017, ó bá ọ̀jáfáfá mẹ́rin ta póókà fún 20 ọjọ́ ní Pittsburgh, wọ́n pín káàdì ní ìgbà 120,000, ó sì borí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti jiyàn pé wíwo ojú ẹlòmíràn nìkan ni póókà.

Ọjọ́ Ẹtì

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú ẹ̀wù òtútù dání o." Nínú ooru tó ju 40 lọ! Mo mú un nítorí pé ó ní kí n mú un, ẹ̀wù náà ló sì gbà mí. Inú gbọ̀ngàn tutù bí nǹkan míì, nítorí náà ni gbogbo wọn ṣe ń wọ ẹ̀wù onífìlà lẹ́yìn lójú aṣálẹ̀.

Hòtẹ́ẹ̀lì méjì, Horseshoe àti Paris, ni wọ́n ti ń ta á láti 2022, ọ̀nà tó ní òrùlé sì wà láàárín wọn. Kí ojú tó rí tábìlì kankan, etí ti gbọ́ ọ: ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń fi ìka da chip pọ̀ mọ́ra wọn, wọ́n ń pín in, wọ́n tún ń dà á pọ̀, ó ń dún bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lórí páànù, kò sì dá láti òwúrọ̀ títí di òru.

Lẹ́nu ọ̀nà, a kọjá láàárín àwọn ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ tó ń tan iná yẹ́ríyẹ́rí. N kò fẹ́ràn wọn rárá. Nídìí ẹ̀rọ yẹn, kásínò, ilé tẹ́tẹ́ fúnra rẹ̀, lẹ ń bá ta, ìṣirò sì ti fi èrè sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó jókòó. Nídìí póókà, ènìyàn bíi tiyín lẹ ń bá ta. Kásínò kàn ń yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀ ni. Ní 2023, nígbà tí ìwọlé Main Event pé 10,043, dọ́là 9,300 nínú 10,000 kọ̀ọ̀kan ló bọ́ sínú owó ẹ̀bùn, ó sì di 93,399,900 dọ́là. Ìyàtọ̀ yẹn ló jẹ́ kí ènìyàn lè fi póókà ṣe iṣẹ́: bí ẹ bá mọ̀ ọ́n ju àwọn tó jókòó tì yín lọ, tí ẹ sì pẹ́ nídìí rẹ̀, owó wọn á máa rìn wá sọ́dọ̀ yín. Ọ̀rọ̀ "pẹ́" yìí ló le jù. Ọ̀jáfáfá lè lo odindi ọdún kan láìjèrè, kó má sì sí àṣìṣe kankan nínú ohun tó ń ṣe.

Ìdíje tí àbúrò mi wọ̀, 1,500 dọ́là ni. Ṣùgbọ́n kó tó kúrò nílé ló ti ta ìdajì ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń rí. Ìpín mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó yẹn jẹ́ 150 dọ́là. Nítorí pé ó ti fi ọdún pípẹ́ hàn pé òun mọ iṣẹ́, 165 ló ń ta á. Àwọn kan láti London àtàwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀ ra ìpín àádọ́ta, wọ́n sì fi 825 dọ́là ránṣẹ́ sí i. Ohun tó bá jẹ, ìdajì rẹ̀ ti di tiwọn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó ṣe pàṣípààrọ̀ ìpín márùn-ún pẹ̀lú obìnrin ará Kánádà, ó ṣe márùn-ún míì pẹ̀lú ará Bràsíìlì: bí o bá jẹ, fún mi ní márùn-ún, bí mo bá jẹ, n ó fún ọ ní márùn-ún. Lójú mi ni wọ́n ṣe é, nínú ọkọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń bèèrè aago. "Márùn-ún?" "Márùn-ún." Ó parí. Kò sí ìwé, kò sí ẹlẹ́rìí àfi èmi.

Mo bi í léèrè: bí ẹni yẹn bá wá jẹ mílíọ̀nù kan, tó sì sẹ́ ńkọ́?

"Wọn ò ní í sẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó bá sẹ́ lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí láé."

Ìdáhùn yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn lọ́jọ́ náà.

Mo dúró lẹ́yìn okùn ibi tí àwọn òǹwòran ń dúró sí. Wọ́n jókòó mẹ́sàn-án yí tábìlì ká, chip 25,000 níwájú olúkúlùkù. Chip yẹn kì í ṣe owó, ẹ kò lè gbé e lọ pààrọ̀ ní ibì kankan. Ẹ̀mí yín nínú ìdíje ni. Bí àkókò bá ti ń tó, iye chip tí wọ́n ń fipá gbà lọ́wọ́ olúkúlùkù bó bá ti yí kàn án á máa ga sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó lásán. Àwọn tó ń pín káàdì ń pààrọ̀ tábìlì ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àwọn náà kì í ṣe onílùú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tẹ̀ lé ìdíje kiri bí àwọn tó ń ta á.

Kí ni àbúrò mi ṣe? Ó ju káàdì sílẹ̀. Ó tún jù ú sílẹ̀. Ìpín mẹ́rin nínú márùn-ún ohun tí wọ́n bá fún un ló ń jù sílẹ̀ láìfi chip kan lélẹ̀, síbẹ̀ kò gbé ojú kúrò lára àwọn tó kù. Ó ń ka bí olúkúlùkù ṣe ń fi owó lélẹ̀, iye tó ń fi lélẹ̀ àti bó ti ṣe pẹ́ tó. Lóru, wọ́n fún àwọn tó kù ní àpò ọ̀rá, wọ́n da chip wọn sínú rẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa, wọ́n kọ orúkọ àti iye sí i lára. Ti àbúrò mi wà níbẹ̀. Ti obìnrin ará Kánádà náà wà níbẹ̀. Ará Bràsíìlì ti jáde láti ọ̀sán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Bí ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wọlé ni wọ́n máa ń sanwó fún. Ẹni tó bá já kù díẹ̀ kí wọ́n dé iye yẹn, òfìfo ọwọ́ ló ń gbé lọ lẹ́yìn ọjọ́ méjì tó ti fi jókòó. Nígbà tó ku ènìyàn kan péré tó gbọ́dọ̀ já kí wọ́n tó dé iye yẹn, wọ́n dá gbogbo tábìlì dúró: kí olúkúlùkù pín káàdì ẹ̀ẹ̀kan, kó dúró de àwọn tó kù, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ìjáfara sá àsálà. Àwọn ènìyàn dìde lórí àga. Wọ́n sá láti tábìlì kan dé èkejì láti wo ẹni tó kó gbogbo chip rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá kan tó ti darúgbó ló já. Ó rọra dìde, ó bọ gbogbo tábìlì lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, gbogbo gbọ̀ngàn sì hó torí pé àwọn tó kù ti rí owó.

Ohun tí n kò retí ni ìwà àwọn ọ̀jáfáfá lásìkò yìí gan-an. Nígbà tí àwọn onífàájì ń di chip wọn mú tí wọn ò fẹ́ kú, ìgbà yẹn ni àwọn ọ̀jáfáfá ń fi owó ńlá lélẹ̀, tí wọ́n ń fi ìbẹ̀rù àwọn yẹn jẹ chip wọn. Ó dùn mí díẹ̀ láti wò ó. Nígbà ìsinmi, àbúrò mi sọ pé orí òkè ni owó wà: ipò kìíní lè ju ipò ìkẹyìn lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá ń ta nítorí àtirí owó tó kéré jù, ọdún kò ní í parí kí owó tirẹ̀ tó tán. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn, àwọn tó jókòó síbẹ̀ sì mọ̀ kí wọ́n tó san owó.

Òun náà já ní ìrọ̀lẹ́. King méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀, Ace àti Queen wà lọ́wọ́ ẹnì kejì, wọ́n sì kó gbogbo chip sílẹ̀. Nínú ìgbà mẹ́wàá, yóò jẹ é ní bíi méje. Ṣùgbọ́n Ace ló jáde láàárín àwọn káàdì tí wọ́n ṣí sáàárín tábìlì fún gbogbo wọn, ó di méjì fún ẹnì kejì, ó sì borí King méjì. Ó kí ẹni náà, ó gba ìwé pélébé tí wọ́n fi ń gba owó, a kúrò. N kò gbọ́ kó ráhùn. Ìwà ọmọlúàbí ni láàárín wọn: ẹnikẹ́ni kì í fi ìtàn bí káàdì ṣe dà á yọ ẹlòmíràn lẹ́nu, nítorí gbogbo wọn ló ní ọ̀kẹ́ àìmọye irú rẹ̀.

Owó tó gbà jẹ́ 3,480 dọ́là. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Àwọn tó ra ìdajì gba 1,740. Pàṣípààrọ̀ méjì, 174 fún olúkúlùkù, di 348. Ó ku 1,392. Nínú owó ìwọlé, 675 ló jáde láti àpò tirẹ̀. Èrè ọjọ́ méjì jẹ́ 717 dọ́là, kó tó san owó ilé àti ọkọ̀ òfurufú. Ìpín àwọn èèyàn yìí ló ti fi ránṣẹ́ látorí fóònù kó tó jẹun, kódà fún ará Bràsíìlì, tí kò ní ohunkóhun láti fún un padà.

Ọjọ́ Àìkú

Àbúrò mi sùn di ọ̀sán. Mo dá lọ sí Fremont Street, ní àárín ìlú àtijọ́, láti wo ilé tí ọ̀ràn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni Benny Binion dá kásínò Horseshoe sílẹ̀ ní 1951. Ní 1970 ó kó àwọn ọ̀jáfáfá díẹ̀ jọ, wọ́n ta póókà fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà wọ́n fi ìbò yan Johnny Moss pé òun ló mọ̀ ọ́n jù. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sọ ọ́ di ìdíje gidi, Moss ló tún jẹ ẹ́. Ibí yìí ni Doyle Brunson ti gba ipò kìíní ní 1976 àti 1977. Ó pẹ́ láyé, 89 ọdún ni nígbà tó kú ní 2023. Orúkọ Binion ṣì wà lára ilé náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti ta ìdíje àti orúkọ Horseshoe láti 2004.

Ẹni tí mo ń rò lọ́kàn jù níbẹ̀ ni Stu Ungar. Ó jẹ Main Event ní 1980 àti 1981, ó tún jẹ ẹ́ ní 1997. Ní 1997 yẹn, kò ní 10,000 tí yóò fi wọlé. Billy Baxter, ọ̀jáfáfá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ló san án fún un nígbà tí ìdíje kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀. Ungar jẹ mílíọ̀nù kan dọ́là, wọ́n pín in sí méjì, ìdajì fún Baxter. Oògùn olóró àti tẹ́tẹ́ eré ìdárayá gbé ìdajì tirẹ̀ lọ. Ní oṣù Kọkànlá 1998 wọ́n bá òkú rẹ̀ nínú yàrá ilé ìtura kan ní ìlú yìí, ẹni ọdún 45, àwọn tó mọ̀ ọ́n ló sì dáwó sin ín. Ìmọ̀ káàdì ọkùnrin yìí kò láfiwé, síbẹ̀ kò lè tọ́jú owó. Nínú ilé tí mo wà, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n máa ń dá bí ẹnì kan bá sọ pé òun fẹ́ ta kọjá agbára àpò òun.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ ẹnu ti dá wàhálà sílẹ̀ fún náà wà. Jamie Gold jẹ 12 mílíọ̀nù dọ́là ní 2006, nígbà tí 8,773 ènìyàn wọlé. Ẹnì kan gbé e lọ sílé ẹjọ́ pé ó ti ṣèlérí ìdajì fún òun. Wọ́n yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn ní ọdún kejì. Ní ìdà kejì, Chris Moneymaker, akáùńtáǹtì tó wọ Main Event 2003 láti inú ìdíje kékeré orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ta lára ìpín rẹ̀ fún bàbá rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Nígbà tó jẹ 2.5 mílíọ̀nù, wọ́n rí tiwọn gbà.

Ní alẹ́, ìròyìn dé pé obìnrin ará Kánádà ti gba ipò kọkànlá. 21,000 dọ́là.

Ọjọ́ Ajé

Ìsinmi ni lónìí, gbogbo wọn jókòó sílé, mo sì rí àyè bèèrè ọ̀rọ̀ owó dáadáa.

Ará Bràsíìlì kì í fi owó ara rẹ̀ ta rárá. Olówó kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń san gbogbo owó ìwọlé, wọ́n sì ń pín èrè lọ́gbọọgba. Ṣùgbọ́n gbèsè ń ṣáájú èrè. Bí olówó náà bá ti pàdánù 60,000, tí ọmọkùnrin yìí sì jẹ 100,000 lọ́la, 60,000 á kọ́kọ́ padà síbi tó ti wá. 40,000 tó kù ni wọ́n á pín, yóò sì mú 20,000. Ìròyìn á gbé e pé ó jẹ 100,000, àwọn ará ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. Ó sọ fún mi pé ìpè wọ̀nyẹn ló ń wúwo lọ́rùn òun ju gbèsè lọ. Kò sì lè sá fún gbèsè náà: bó bá fi olówó yẹn sílẹ̀ láìsan, kò sí ẹlòmíràn tí yóò gbà á.

Wọ́n sọ fún mi nípa irú ẹni tí wọ́n kórìíra jù. Òun ni ẹni tó bá ta ju gbogbo ara rẹ̀ lọ, tó ta ìpín ọgọ́fà nínú ọgọ́rùn-ún láìjẹ́ kí àwọn olùrà mọ ara wọn. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá jẹ ńlá, gbèsè ló jẹ. Bó bá já, èrè ni tirẹ̀. Tí àṣírí rẹ̀ bá tú, orúkọ rẹ̀ á dé gbogbo tábìlì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìgbà yìí ni ìdáhùn àbúrò mi lọ́jọ́ Ẹtì tó wọ̀ mí lọ́kàn. Àwọn ènìyàn yìí ń fi ọgbọ́n tan ara wọn jẹ lórí tábìlì látàárọ̀ dalẹ́, ó sì jẹ́ ẹ̀tọ́. Bí wọ́n bá ti dìde lórí àga, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn nìkan ló kù tí wọ́n lè fi ṣòwò. Ilé ìfowópamọ́ kì í yá wọn lówó. Iléeṣẹ́ ńlá pàápàá já wọn kulẹ̀ rí: ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin 2011, ìjọba Amẹ́ríkà ti àwọn ojúlé póókà orí íntánẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù pa, Full Tilt, ọ̀kan nínú wọn, kò sì lè dá owó oníbàárà rẹ̀ padà. Àwọn ará Amẹ́ríkà dúró títí di 2014 kí owó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tó wà nínú ilé ṣílọ sí Mẹ́síkò lásìkò yẹn kó lè máa bá iṣẹ́ lọ.

Owó-orí ni wọ́n fi ìyókù ọ̀sán sọ. Àbúrò mi kò ní wàhálà: àdéhùn wà láàárín Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kò sì ń gba owó-orí lórí èrè tẹ́tẹ́. Bràsíìlì kò ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, nítorí náà wọ́n ń yọ ìpín ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún níwájú kóńtà. Wọ́n ń yọ ọ́ fún ará Kánádà náà, ṣùgbọ́n ó lè kọ̀wé béèrè rẹ̀ padà dé ìwọ̀n ohun tó ti pàdánù. Àwọn ará Amẹ́ríkà méjèèjì ló fajú ro jù. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Keje 2025 ní láti 2026, ìpín àádọ́rùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ènìyàn pàdánù ló lè yọ kúrò. Ẹni tó jẹ 500,000 lọ́dún, tó sì pàdánù 500,000, á san owó-orí lórí 50,000 tí kò rí rí. Lójú tèmi, ìyà gbáà ni. Billy Baxter kan náà tó ran Ungar lọ́wọ́ ló bá ìjọba ṣẹjọ́ tó sì jàre ní 1986, tí ilé ẹjọ́ fi gbà pé èrè póókà ọ̀jáfáfá jẹ́ owó iṣẹ́ bíi ti oníṣẹ́ yòókù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ọkọ̀ mi yóò gbéra lálẹ́. Nídìí tábìlì ilé ìdáná, obìnrin ará Kánádà gbé owó sílẹ̀ níwájú àbúrò mi, 1,050 dọ́là, ìpín márùn-ún nínú 21,000. Àbúrò mi kà á, ó sì yọ 315 nínú rẹ̀, ó tì í padà sí i.

Obìnrin náà kọ̀. Ó ní nígbà tí àwọn dá márùn-ún, àwọn kò sọ̀rọ̀ owó-orí, nítorí náà márùn-ún nínú gbogbo rẹ̀ ni. Àbúrò mi ní 14,700 ni wọ́n kà fún un ní kóńtà, òun kò sì lè gba ìpín nínú owó tó ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba. 735 ni tòun báyìí. Bí ìjọba bá dá tirẹ̀ padà lọ́dún tó ń bọ̀, kó wá fi ìyókù ránṣẹ́. Ó rò ó díẹ̀, ó gbà. Ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ nínú ọkàn mi: owó tí àbúrò mi rí lára iṣẹ́ obìnrin yìí ti ju èrè tirẹ̀ lọ.

Wọ́n dìde láti lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje ọ̀sán.

"Márùn-ún?" obìnrin náà bi í lẹ́nu ọ̀nà.

"Márùn-ún. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn owó-orí o."